Ẹ̀dọ̀ Tó Gbọ́ Ìbúra

"Jù ú sómi," ni Lánihùn wí.

Gbogbo ilé ẹjọ́ yíjú sí i. Tóyè oníabẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa abẹ́rẹ́ gígùn yọ ní ìhà ọ̀tún bàbá náà ni, òwú tó fi dí ojú ibẹ̀ ṣì ń pọ́n sí i. Ègé ẹ̀dọ̀ kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ wà nínú abọ́ funfun. Abọ́ náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí fìtílà, ìgò omi ìdádúró, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ yí padà mọ́, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ènìyàn nímú bí wọ́n bá ti ṣí i. Kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí níwájú abọ́ náà.

"Bàbá, ẹ ò tíì búra," ni Tóyè wí. "Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ẹ̀dọ̀ kì í kú láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dọ̀."

"Mi ò mutí. Mo ti búra. Jù ú sómi kíá."

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ọ̀mùtí ni, ojú rẹ̀ ń wí i. Adájọ́ Olóyèdé tẹ̀ síwájú lórí àga gíga.

"Lánihùn, ìwọ tí o jókòó sórí àga akẹ̀dọ̀ láti ìgbà tí irun rẹ ṣì dúdú, ìwọ lo fẹ́ máa fi ìbúra ṣeré? Ìran rẹ dà? Orúkọ bàbá rẹ dà? Olè ní í búra kúkúrú."

"Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, Olúwa mi. Òfin ní kí n búra. Òfin ò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó."

Adájọ́ wò ó bí ẹni ń wo ìdọ̀tí lára aṣọ àlà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mi orí sí Tóyè, àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀, Tóyè sì ju ègé náà sómi.

Láti ojú fèrèsé yàrá àwòrán ni Ìbídùn ti ń wò wọ́n. Òun ni akẹ̀dọ̀ tí ń ka ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́jọ́ ní Òkè-Ọkà báyìí, inú rẹ̀ sì dùn, kò fi bò. Ọkùnrin yìí ló ka ẹ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí òun ṣì ń lọ ilé ẹ̀kọ́. "Ààrò ti wú," ni gbogbo ohun tó sọ, òun ni wọ́n fi mú Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ lọ sí Iyọ̀, níbi tí àwọn tó fi ọkà ìlú pọntí mu ti ń họ iyọ̀ lẹ́bàá òkun tó gbé àwọn ìlú ìsàlẹ̀ mì. Ẹni tó bá lọ sí Iyọ̀ kì í gòkè mọ́. Ìròyìn rẹ̀ nìkan ní í máa gòkè, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Ìbídùn gbọ́ kẹ́yìn ni pé ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, àmọ́ iyọ̀ ti ń jẹ ojú rẹ̀.

Ọmọ ará Iyọ̀, ilé ẹjọ́ ló ni ín. Wọ́n mú Ìbídùn wá sínú àgbàlá yìí kó wá kọ́ṣẹ́, Lánihùn ló sì kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ dáadáa, kò lù ú, kò bú u. Ohun tó jẹ́ kí ìkórìíra náà le tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìkà tó bá ń ṣe bí ìkà, ènìyàn a mọ bí yóò ṣe bá a gbé.

Lórí bẹ́ǹṣì àwọn tó kàn, opó kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́níwà, tí ń lọ ọkà fún àdúgbò, ń ka ìbúra tirẹ̀ sábẹ́ ètè bí ọmọ tí ń múra ìdánwò. Ó ń pe bàbá, ó ń pe bàbá bàbá, ọkọ tó kú, ọmọ tó kù. Bó bá ṣì í, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Gbogbo ẹni tó gbọ́n ní Òkè-Ọkà ló máa ń múra ìbúra gígùn sílẹ̀ de ọjọ́ abẹ́rẹ́.

Kí àwọn èrò tó jẹun ọ̀sán tán, ẹ̀rọ ti sọ ẹ̀dọ̀ Lánihùn di líle bí òkúta. Ìbídùn fi ọ̀bẹ dáyámọ́ńdì gé e. Ègé tó ń bọ́ lára rẹ̀ léfòó lórí omi, ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi sọ ọ́ di aláwọ̀ wúrà. Ó fi àwọ̀n bàbà tíntín gbé e, ó sì tì í bọ ẹnu Arínúróde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe awò ńlá tí ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ríran, òpó irin tó ga ju ènìyàn lọ, tí ń kùn bí oyin inú ihò igi. Ìbídùn ti ilẹ̀kùn. "Ọlọ́run ò sùn," ló wí fún ara rẹ̀, ó sì jókòó.

Àwòrán náà yọ, dúdú lórí eérú. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan kún ojú awò. Kókó rẹ̀ wà láàrin, róbótó, ògiri onípele méjì yí i ká. Àwọn ìpele tó dà bí ẹní tí wọ́n tò léra wà níbẹ̀, àmì tóótòòtó wà lára wọn, níbi tí ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe èròjà fún ẹ̀jẹ̀. Láàrin sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, ojú ìṣàn òróòro là, àwọn ìka wẹ́wẹ́ sì yọ sínú rẹ̀. Ìbídùn fo gbogbo èyí, nítorí nǹkan kan ṣoṣo ni òfin ń bèèrè: ààrò. Orúkọ tí ilé ẹjọ́ fún àwọn yàrá kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dáná agbára rẹ̀ nìyẹn, wọ́n pọ̀ lọ súà nínú ẹyọ kan. Wọ́n ní ọtí a máa mú ààrò wú, a sì máa fọ́ àwọn ìṣẹ́po inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwòrán rẹ̀ sára ògiri, adájọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀dọ̀ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìdí tí òfin fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ààrò Lánihùn kò wú.

Ìbídùn yí awò síbòmíràn, ó tún yí i. Wọ́n tínrín, wọ́n le, ìṣẹ́po inú wọn to tẹ̀lé ara bí eyín ìyarun. Kò rí irú rẹ̀ rí lára ènìyàn. Àwọn tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ pàápàá, ààrò tiwọn a máa wú díẹ̀, wọ́n ní ìpayà ẹjọ́ ló ń fà á.

Inú bí i. Ó tún yí awò, ibẹ̀ ló ti rí ohun tí òfin kò bèèrè. Ẹ̀kán ọ̀rá kún inú sẹ́ẹ̀lì náà, róbótó róbótó, bí ẹyin inú agbọ̀n. Àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní àmì lára, èyí tí ẹ̀dọ̀ fi ń bá májèlé jà, ti hù débi pé ó ti ti ṣúgà sí kọ̀rọ̀. Lánihùn fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí àwọ̀n yìí bá ti di igbó, ẹlẹ́dọ̀ ń gbé nǹkan mì lójoojúmọ́. Ilé ẹjọ́ kì í gba èyí lẹ́rìí, nítorí ebi náà lè fa ọ̀rá, oògùn náà sì lè fa àwọ̀n. Àmọ́ Ìbídùn mọ bàbá náà, kò lo oògùn, ebi ò sì pa á. Ọ̀mùtí ni.

Ọ̀mùtí, ààrò rẹ̀ wá mọ́ bí ti ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un dúró. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ dán Arínúróde wò kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ààrò ewúrẹ́ kì í sì í wú láéláé. Òun àti Tóyè a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ewúrẹ́ nìkan ni olóòótọ́ tó kù ní Òkè-Ọkà. Ó pe àwòrán ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lánihùn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ewúrẹ́, bí wọ́n bá ti pa á, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a bọ́ sómi lójú ẹsẹ̀. Ewúrẹ́ kì í búra.

Ìbídùn di etí tábìlì mú. Nínú abọ́ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí atẹ́gùn, ẹ̀dọ̀ ń kú nígbà tí ẹlẹ́dọ̀ ń sọ̀rọ̀. Ààrò ń wú nígbà tó ń kú. Bí ìbúra bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe wú tó. Kì í ṣe ọtí ni wọ́n ti ń rí lára ògiri láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu àwọn ènìyàn ni.

Àwẹ̀ró kò fọwọ́ kan ọtí rí. Ó búra délẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ka ìran rẹ̀ láti orí dé ìdí, ohùn rẹ̀ já gaara. Nígbà tó fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí abọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin pariwo láàrin èrò pé, "Màámi, ẹ tún búra sí i, kí wọ́n lè gbà yín gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ náà, ó sì dá ọwọ́ padà. Ìbídùn sunkún sí etí ẹ̀rọ tó ń kùn, ẹkún ìbínú, ó sì fi apá aṣọ nu ojú nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ti ń kanlẹ̀kùn.

Òfin fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láyè láti gbọ́ ohun tí awò rí kí wọ́n tó kà á síta. Wọ́n mú Lánihùn jókòó sẹ́yìn wáyà, ọwọ́ rẹ̀ di ìhà mú.

"Ó mọ́, àbí?" ló bèèrè.

"Ààrò rẹ mọ́. Ìyókù rẹ ń rùn."

Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Bàbá náà gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

"Mò ń mu ún," ló wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi kúrò lórí àga. Ẹni tó mọ ohun tí mo mọ̀, kí ni kó máa fi sùn?"

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Ṣáájú ìyá mi ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Lánihùn wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣáájú."

Bí kò bá sí wáyà láàrin wọn, Ìbídùn ì bá fún un lọ́rùn. Ó rọ́jú sọ̀rọ̀. "O rí i tó ń búra. O gbọ́ mi tí mo ní kó tún búra. O wá dákẹ́."

"Kí ni kí n wí? Kí n dìde láàrin ilé ẹjọ́, kí n ní gbogbo ẹni tí mo ti rán lọ sí Iyọ̀, aláìṣẹ̀ ni wọ́n? Ọjọ́ tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ lèmi náà di ará Iyọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ìwọ náà ńkọ́, Ìbídùn? Ṣé o ò tíì rán ẹnì kankan lọ ni?"

Ọkùnrin alágbẹ̀dẹ kan ló wá sí Ìbídùn lọ́kàn, akólòlò ni, ìbúra tí ẹlòmíì ń sọ kíá ló ń bá jìjàkadì títí òógùn fi bò ó. Ààrò rẹ̀ wú kọjá àlà. Gbogbo ìlú ní àwọn kò rí ọ̀mùtí bẹ́ẹ̀ rí. Ìbídùn ló ka ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

"Fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, kí o gbọ́ mi," ni Lánihùn wí. "Ààrò mi mọ́, òfin sì ti dá mi sílẹ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n máa lọ ilé. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀san lo fẹ́, fi àwòrán ẹlòmíì dípò tèmi, kí wọ́n mú mi lọ. Mi ò ní jiyàn. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì, ìwọ á sùn lórí ibùsùn rẹ lálẹ́ òní."

"Bí mo bá sọ ti ìbúra ńkọ́?"

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ta ni o fẹ́ kó ra irú èyí? Adájọ́ ni, àbí àwọn tí iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ wọn?"

Ìbídùn dìde. Ó ti gbèrò ẹ̀san fún bàbá yìí láti kékeré, àmọ́ nígbà tó wo ojú rẹ̀ báyìí, ó rí i pé bí òun bá dákẹ́, ojú yìí gan-an ni òun yóò máa gbé kiri títí òun fi darúgbó.

Ilé ẹjọ́ tún kún. Adájọ́ Olóyèdé kò gbé orí sókè. "Kí ni Arínúróde rí?"

"Ààrò rẹ̀ mọ́, Olúwa mi."

Ó gbé àwòrán sára ògiri. Àwọn èrò ráhùn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹni tí Lánihùn ti rán lọ, wọ́n sì ti ń retí ọjọ́ òní bíi ti Ìbídùn.

"Àmọ́ ọ̀mùtí ni," ni Ìbídùn wí. "Ohun tó gbà á là ni pé ó mọ nǹkan tí ẹ ò mọ̀. Ìbúra wa ló ń mú ààrò wú. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti pẹ́ nínú abọ́ yẹn, kó mutí, kó má mutí, yóò wú. Àwọn tó bẹ̀bẹ̀ jù la ti ń dá lẹ́bi."

Ariwo ta. Adájọ́ fi òòlù lu tábìlì títí ó fi rọlẹ̀. "O ti ya wèrè."

"Òfin ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí lè fi ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo fi tèmi sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé akẹ̀dọ̀ kì í jáde ní àgbàlá yìí. Ẹ̀ṣọ́ yín ló ń se oúnjẹ mi, òun ló ń bu omi mi. Ta ló máa fún mi lọ́tí? Kí Tóyè gba ègé méjì lára mi. Kó ju ọ̀kan sómi bó bá ṣe ń jáde. Màá búra lé èkejì."

"Ta ni yóò wá kà á? Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Lánihùn ni. Òfin ti dá a sílẹ̀ níṣojú yín, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ Arínúróde lò."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó dá a lójú pé bàbá tí ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ní ọ̀mùtí kò ní gbè é. "Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀," ló wí.

Abẹ́rẹ́ náà dun Ìbídùn ju bó ṣe rò lọ. Ó ti rí i lára ẹlòmíì títí tó fi gbàgbé pé irin ni. Tóyè ju ègé kìíní sómi, ó gbé èkejì sínú abọ́, Ìbídùn sì dìde jókòó, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó búra ìbúra ìyá rẹ̀. Kò gbàgbé ibì kan nínú rẹ̀.

"Èmi Ìbídùn, ọmọ Àwẹ̀ró, ọmọ Àjàní tí omi gbé oko rẹ̀ lọ tí omi ò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ọmọ Fátúnbí tó ru irúgbìn ọkà gun òkè yìí, tí ebi pa á kú tí kò fọwọ́ kàn án..."

Kò kánjú. Ó ń gbọ́ bí abọ́ ṣe ń lọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ní kí ìyá rẹ̀ ṣe. Lórí bẹ́ǹṣì, Jẹ́jẹ́níwà ti dákẹ́ ìbúra tirẹ̀, ó ń wo abọ́ náà láìṣẹ́jú.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Lánihùn jáde láti yàrá àwòrán. Àwòrán méjì wà lára ògiri. Nínú ọ̀kan, ààrò tínrín, ó le. Nínú èkejì, wọ́n ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi, ìṣẹ́po inú wọn ti fọ́, òmíràn ti bẹ́.

"Ta ló ni èyí tó mọ́?" ni Adájọ́ bèèrè.

Lánihùn wo Ìbídùn, ó wo ilẹ̀. Ìbídùn rò pé yóò tún sá fún ọ̀rọ̀ náà.

"Òun ló ni méjèèjì, Olúwa mi," ló wí. "Èyí ò gbọ́ ìbúra. Èyí gbọ́ ọ. Bó ṣe wà látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn."

Ọkùnrin kan dìde láàrin èrò, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyàwó tèmi wá ńkọ́?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà.

Adájọ́ Olóyèdé fi òòlù lu tábìlì. "Òfin kò mọ ẹ̀dọ̀ tí kò gbọ́ ìbúra. Ẹ pa àwòrán kìíní rẹ́. Èyí tó kù lára ògiri, ààrò tó wú ni. Ọ̀mùtí ni akẹ̀dọ̀ yìí, mi ò sì bèèrè ibi tó ti rí i mu. Ẹ mú un lọ sí Iyọ̀. Kí Lánihùn padà sórí àga rẹ̀, kí ẹ sì ti àgbàlá mọ́ ọn."

Ìbídùn ti rò pé àwòrán méjì tó láti mú ẹni tó lójú ríran. Ó gbà báyìí pé Lánihùn ló jàre, òtítọ́ ti dọ́jà, ó ti kùtà, òun ni wọ́n sì fẹ́ fi san owó ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Bóyá yóò dá òun mọ̀ nípa ohùn. Ẹ̀ṣọ́ méjì so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń tì í lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Adájọ́ fẹ́ kí nǹkan padà sípò kíákíá. "Ẹni tó kàn," ló wí.

Wọ́n mú Jẹ́jẹ́níwà dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ègé ẹ̀dọ̀ bọ́ sínú abọ́ lórí fìtílà. "Tẹ́ ọwọ́ lé e, kí o búra," ni Tóyè wí fún un, kò sì wo ojú rẹ̀.

Obìnrin náà, tó ti ń ka ìran rẹ̀ sábẹ́ ètè láti òwúrọ̀, wo abọ́ náà. Ó wo ògiri, níbi tí ẹ̀dọ̀ Ìbídùn ṣì wà, tó wú. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì dì í mọ́ àyà.

"Mi ò mutí," ló wí. "Jù ú sómi."

"Ìran rẹ dà?" ni Adájọ́ bi í.

"Jù ú sómi," ni ọkùnrin tó mú fìlà lọ́wọ́ wí. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn náà gbogbo àwọn tó wà ní ẹ̀yìn ilé ẹjọ́. Wọn kò pariwo rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọ pé kó pa ilẹ̀kùn dé. Adájọ́ gbé òòlù sókè, Tóyè wò ó, Tóyè wo àwọn èrò.

Ìbídùn kò rí ohun tí Tóyè ṣe, nítorí wọ́n ti fà á kọjá ẹnu ọ̀nà, èjìká ẹ̀ṣọ́ sì dí i lójú. Àmọ́ kó tó ti ìta wọ inú ọkọ̀ tí ń lọ sí Iyọ̀, òórùn omi ìdádúró ta á nímú, ó sì mọ̀ pé Tóyè ti ṣí ìgò.